Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Kan Ṣoṣo Tí Olè Fi Sílẹ̀

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ọmọ kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Maître, mo ti ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ mi tó ń lọ CEG. Ẹ̀rù olè ń bà mí. Ṣé kò sí assurance tí èèyàn lè ṣe fún kẹ̀kẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é fún mọ́tò ni?" Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ti ṣe èmi náà rí ni. Mo ṣèlérí fún un pé màá kọ ohun tí ojú mi rí síbí, kí ẹlòmíràn náà lè kà á.

Àkọ́bí mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó wà ní classe de 5e. Abúlé tí mo ti ń kọ́ni kò ní CEG. Kìlómítà méje ni láti ẹnu ọ̀nà wa dé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó máa ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín. Aago márùn-ún àárọ̀ ló ń jí. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, tó jẹun tán, oorun ni; ìwé kò ṣe é ṣí mọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ títí a fi rí 55 000 fráńkì, a sì ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan fún un, ọ̀kan lára àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ń kó dé Kutonu láti òkè òkun. Mo ra ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo sí i. Mo rò pé mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí bàbá ṣe.

Láàárín oṣù mélòó kan, ọmọ náà yí padà. Ó ń dé ilé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Ó ń ka ìwé. Nínú ìṣirò tó ti ń gba 8 lórí 20 tẹ́lẹ̀, ó gba 13.

Ó di ọjọ́ ọjà kan ní Kétu. Ó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ó yà ra oògùn fún ìyá mi. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti òpó kan, ó fi ẹ̀wọ̀n so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́ òpó náà, ó ti àgádágodo, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Nígbà tó jáde, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló bá. Olè ti tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, ó ti gbé ìyókù lọ. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Àgádágodo ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo wà níwájú ilé nígbà tó dé. Ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká bí ẹni gbé igi ìdáná. Ó ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà dé. Kò sunkún. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo tì í." Òótọ́ ló sọ. Ó tì í. Èmi tí mo ra àgádágodo fún un ni mi ò kọ́ ọ pé irin ara kẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ń pè ní cadre, ni wọ́n ń so mọ́ òpó, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣe é tú.

Ẹni tó bá ní owó yóò sọ pé kẹ̀kẹ́ lásán ni. Ní ilé wa, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ lásán. Láàárín oṣù kan, ọmọ náà ti padà sí aago márùn-ún àárọ̀, sí àárẹ̀, sí pípẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Mo ṣe ìṣirò zémíjàn: 300 fráńkì ní àlọ, 300 ní àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. 3 000 fráńkì lọ́sẹ̀, owó oṣù mi kò lè gbé e. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ọmọbìnrin ni. Ọ̀nà yẹn jìn, ọ̀nà yẹn dá. Jẹ́ kó lọ bá àǹtí rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ." Kì í ṣe ìkà ni ìyá mi. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju bí èmi ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ iye àwọn ọmọbìnrin tó jókòó síwájú mi ní CM2, tí wọ́n yege CEP, tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sì mú kúrò lórí ìjókòó. Olè ló gbé kẹ̀kẹ́, àwa sì ni a fẹ́ fi ọwọ́ ara wa gbé ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni mo rántí assurance. Mo ní alùpùpù kan, ọdọọdún ni mo ń san owó ìwé assurance rẹ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì tí mo ti ń san án, mo bi ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì bóyá wọ́n ń ṣe ti kẹ̀kẹ́ náà. Mo sì fi kún un pé, "Àbí kí n kúkú fún ọmọ mi ní alùpùpù mi, ṣebí bí wọ́n bá jí ìyẹn, ẹ ó san owó rẹ̀ padà?"

Ọkùnrin náà wò mí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ìwé mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ìka sí ojú ibì kan, ó ní, "Maître, ẹ ka ibí yìí." Mo kà á. Responsabilité civile nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Níwájú vol, òfìfo ni. Níwájú dommages, òfìfo ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo ti ń gbé ìwé náà kiri, tí mo rò pé alùpùpù mi wà lábẹ́ ààbò. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáhùn! Ojú tì mí níwájú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà bẹ́ẹ̀, ó sì fún mi ní ìjókòó, ó ṣàlàyé. Ohun tó yé mi nìyí, àti ohun tí mo padà lọ kà fúnra mi.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn CIMA ní Yaoundé ní ọdún 1992. Òfin kan náà ló ń darí assurance láàárín wọn. Òfin náà fi dandan lé e pé kí ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì tó ń rìn lórí ilẹ̀, ìbáà ṣe mọ́tò, ìbáà ṣe alùpùpù, ní assurance. Ṣùgbọ́n kí ni dandan náà? Ìpalára tí o bá ṣe fún ẹlòmíràn ni. Bí o bá gbá ọmọ ọlọ́mọ, assurance á san owó ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù tìrẹ bá sọnù, tàbí tó bá ya sí kòtò, ìwé tó jẹ́ dandan yẹn kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ààbò fún ohun ìní ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè fún vol tàbí dommages lọ́tọ̀, kó sì san owó lé e. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà kò ní ẹ́ńjìnnì, nítorí náà dandan yẹn kò kàn án rárá.

Mo ní ṣé kò wá sí ọ̀nà kankan ni? Ó ní ọ̀nà kan wà fún ẹni tó bá ní assurance ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní multirisque habitation. Olè tó bá wọlé jí ẹrù lè wà nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì lè wà lára ẹrù náà, bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí olè ti fọ́ ilẹ̀kùn tàbí kó gun ògiri. Kẹ̀kẹ́ tí a so mọ́ òpó lọ́jà kò sí nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan mẹ́ta mìíràn tó sọ, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ní alùpùpù. Èkíní: bí o kò bá tíì san owó, ìwé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin CIMA kò gba "ma san án lóṣù tó ń bọ̀." Èkejì: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àkókò tí ìwé fún ọ láti fi tó wọn létí kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olè, ìwé lè dín in kù sí wákàtí 48. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́rin wá nǹkan rẹ̀ kiri inú ìgbó kó tó lọ sọ fún wọn lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún jandamù tàbí ọlọ́pàá, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ tó máa wá a. Ẹ̀kẹta: wọn kò ní san ju iye tí nǹkan náà tó lọ́jọ́ tó sọnù. Alùpùpù tí o rà ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn kì í ṣe tuntun mọ́ lójú wọn. Wọ́n tún lè yọ iye kan sílẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ yóò gbé, ìyẹn ni franchise.

Mo bi í léèrè ìkẹyìn pé kí ló dé tí wọn kò fi ṣe ti kẹ̀kẹ́ nìkan. Ó ní, "Maître, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀." Mo délé, mo ṣe é. Ká ní kẹ̀kẹ́ 100 ló wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 45 000 fráńkì. Ká ní olè jí mẹ́rin lọ́dún. Owó mẹ́rin jẹ́ 180 000. Bí a bá pín in sí 100, ẹnì kọ̀ọ̀kan á san 1 800 fráńkì. Ó rọrùn! Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ìwé 100? Ta ni yóò gun alùpùpù lọ sí abúlé lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ni olè jí i, tàbí bàbá ọmọ ló tà á? Epo ẹni yẹn àti owó iṣẹ́ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó kẹ̀kẹ́. Ohun tó ń pa assurance kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn: iye owó tí ilé iṣẹ́ yóò ná kó tó mọ òótọ́ ti pọ̀ jù.

Níbi tí mo ti ń wo ìṣirò náà ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ ní láti náwó kó tó mọ òótọ́. Àwa ní abúlé, a kò náwó. A mọ̀. A mọ ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, a mọ àwọ̀ rẹ̀, a mọ ẹni tó lè ta kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ mu sódàbì. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ní ọ̀rọ̀ kan fún assurance, wọ́n ń pè é ní adójútòfò. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ohun tó ń dójú ti òfò. Àwọn bàbá wa ń dójú ti òfò kí òyìnbó tó dé. Bí iná bá jó ahéré ẹnìkan, gbogbo abúlé ló ń kọ́ ọ padà. Àáró, ọ̀wẹ̀, èésú, kí ni gbogbo wọn bí kò ṣe pé ká pín ẹrù kí ọrùn kan má baà ṣẹ́? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Mo pe àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gun kẹ̀kẹ́ lọ CEG. A jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ṣe òfin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á san 500 fráńkì láti wọlé, á sì máa san 200 lóṣooṣù ní oṣù mẹ́sàn-án ilé ẹ̀kọ́. Kẹ̀kẹ́ tí olè bá jí, àpò á san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀, kò sì ní ju 30 000 lọ. Ẹni tó ni ín á wá ìyókù. Bàbá kan bínú, ó ní kí ló dé tí a kò ní san gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún un pé bí a bá san gbogbo rẹ̀, oorun yóò kun wá. Ìdá kan tó kù yẹn ni yóò máa mú ká ti àgádágodo. Kẹ̀kẹ́ tó bá fara gbá, àpò á san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó àtúnṣe, bí ó bá ju 2 000 fráńkì lọ. Cadre ni wọn ó máa so mọ́ òpó. Ẹni tó bá so ẹsẹ̀ kò ní gba nǹkan kan. Ẹni tó bá sì jẹ owó oṣù méjì kò sí lábẹ́ ààbò títí yóò fi san án.

A kọ gbogbo kẹ̀kẹ́ sínú ìwé: àwọ̀, iye tí a rà á, àti nọ́ńbà tó wà lára cadre. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ yín dojú dé, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí i. Níbẹ̀ ni nọ́ńbà sábà máa ń wà. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ní Faransé, láti ọdún 2021, òfin ti fi dandan lé e fún àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tuntun pé kí wọ́n fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí i lára kí ẹni tó rà á tó gbé e lọ. Àwa kò nílò òfin kó tó di pé a ṣe é. Ẹni tó gbẹ́ irin ní abúlé wa fi nọ́ńbà sí èyí tí kò bá ní.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ọmọ kan ṣubú sí kòtò, àtúnṣe jẹ́ 4 500, àpò san 3 000. Olè jí kẹ̀kẹ́ kan tó tó 45 000, àpò san 30 000, ọmọ náà kò pàdánù ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Inú gbogbo wa dùn. Wọ́n ń yìn mí, mo sì ń gbádùn ìyìn náà.

Lẹ́yìn náà ni olè jí ti ọmọkùnrin kan. Ọmọ yìí, èmi ni mo kọ́ ọ ní CM2, òun ló sì mọ ìwé jù nínú kíláàsì ọdún yẹn. Bàbá rẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni. Ó so cadre mọ́ òpó bó ti yẹ. Olè ló gé ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé, bàbá rẹ̀ ti jẹ owó oṣù mẹ́ta: 600 fráńkì.

A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn kan ní ká ṣàánú. Àwọn kan ní bí a bá san án fún ẹni tí kò san, ta ni yóò tún san lóṣù tó ń bọ̀? Gbogbo wọn wá kọjú sí mi. Mo rántí ọkùnrin ọ́fíìsì yẹn. Mo ní òfin ni òfin. A kò san án.

Ọ̀rẹ́ mi dìde, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Fún oṣù mẹ́rin, kò kí mi. Ọmọ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní oríta láàárọ̀, mo máa ń gbé e sẹ́yìn alùpùpù mi dé ibi tí mo bá lè gbé e dé kí aago tó lù ní kíláàsì tèmi. Mo fọkàn sí i pé òótọ́ wà pẹ̀lú mi, síbẹ̀ oorun kò kùn mí dáadáa. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi bi mí pé, "Oṣù wo gan-an ni bàbá ọmọ yẹn kò san?" Mo ṣí ìwé. Oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni. Àgbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ní àwọn oṣù yẹn, àgbàdo ṣì wà lóko, kò tíì gbó. Èmi tí ìjọba ń sanwó fún lóṣooṣù ni mo ṣe òfin oṣooṣù fún àwọn tí owó ń wọlé fún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Mo pe ìpàdé. Mo sọ níwájú gbogbo wọn pé ìpinnu yẹn bá òfin mu, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe òfin náà ní àìdára. A yí i padà. Nísinsìnyí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni a ń san án, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ẹni tí kò bá sì ní owó lè gbé àgbàdo wá, a ó tà á sínú àpò. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo lọ sí ilé ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹ̀bẹ̀. A ti padà ń kí ara wa, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kí n má purọ́. Ọmọ rẹ̀ ti wà ní 3e báyìí. Ó ní kẹ̀kẹ́ mìíràn, ó sì wà nínú ìwé wa.

Àwa ọmọ Kétu, ẹ jẹ́ ká rántí Àkàbà Ìdẹ̀nà. Àwọn bàbá wa kọ́ ẹnu ọ̀nà tó le, wọ́n gbẹ́ yàrà yí ìlú ká. Síbẹ̀ ní ọdún 1886, Dàhòmì wọlé, ìlú tú. Ilẹ̀kùn dára, àgádágodo dára, kí olúkúlùkù máa tì í. Ṣùgbọ́n àwọn tó padà wá tún Kétu kọ́ ni wọ́n jẹ́ kí a ní ìlú lónìí. Adójútòfò kò dá olè dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé òfò kò ní gbẹ̀yìn ẹni.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ nípa ọmọ mi. A kò rí kẹ̀kẹ́ náà títí dòní. Ṣùgbọ́n bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ní Kétu rí ẹsẹ̀ tó gbé wálé yẹn, ó ní ká má sọ ọ́ nù. Ó wá cadre àlòkù kan, ó wá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó tò wọ́n pọ̀, mo san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹsẹ̀ iwájú búlúù, ara pupa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n olè kankan kò ní lè gbé e kọjá oríta kí wọ́n má dá a mọ̀. Ó yege BEPC ní ọdún tó kọjá. Ó wà ní Seconde. Ìyá mi ló ń jí i láàárọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiyín ńkọ́? Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí bàbá tó bi mí léèrè lè kà á. Ẹ sì yí kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ yín dojú dé lálẹ́ òní, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Ire o.